Fún Dádì Parkchester, Ọmọ Ogun Tí A Kò Rí Nínú Fíìmù

Ó dìgbà o, ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá! Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni ìdílé Adéṣọlá ti Parkchester, ní Bronx, ìlú New York, fi ń kéde ikú ẹ̀rọ fídíò wọn, èyí tó ti wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ láti ìgbà tí àwọn kan nínú wa kò tíì dáyé. Ọ̀sán Sátidé ló dákẹ́. A fi kásẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, ó súfèé díẹ̀, iná ojú rẹ̀ ṣẹ́jú, ó sì parí. A gbá a lẹ́yìn. A yọ wáyà rẹ̀, a tún un kì bọ ara ògiri. Mọ́mì pàápàá gbàdúrà lé e lórí. Kò jí. Kò bímọ, kò ní ìbátan, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi.

Bó bá jẹ́ ikú ẹ̀rọ nìkan ni, à bá gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ìdọ̀tí, kí ayé sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti ṣáájú rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan náà. Dádì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ, òun ló tẹ̀lé yín. Ikú tirẹ̀ ló wá tú àṣírí tiyín. Ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ṣáájú yín, ẹ má bínú.

Àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi nínú ìwé ìsìnkú yìí ti pè yín ní òpó, wọ́n pè yín ní àpáta, ẹnìkan tilẹ̀ pè yín ní igi ńlá tí gbogbo ẹyẹ Bronx ń bà lé. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, mo wo inú àpò mi, mi ò rí àpáta, mi ò rí igi. Ìtìjú ni mo bá níbẹ̀. Ìtìjú ìdílé wa ni, ti ìjọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé yìí kó mú ìpín tirẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kó kù sí àwa nìkan lọ́wọ́.

Fún àwọn àlejò tó wà láàárín wa: ẹni tí a ń sìn lónìí ni Ezekiel Àjàní Adéṣọlá, ọmọ Iléṣà, tí gbogbo ọmọ Yorùbá láti Grand Concourse títí dé Wakefield ń pè ní Dádì Parkchester. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n gba sìkọ́láṣíìpù lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Rọ́ṣíà. Nígbà tó yá, wọ́n wá sí New York, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní ilé ìwòsàn kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í pa ìsìn Mẹ́tọ́díìsì jẹ. Wọ́n fẹ́ Mọ́mì, wọ́n bí Bùnmi. Bàbá mi ni àbúrò wọn tó kéré jù. Nígbà tí mo parí pólì, tí mo wá sí ìlú yìí pẹ̀lú báàgì kan àti èrò pé iṣẹ́ ń dúró dè mí ní pápá ọkọ̀ òfurufú, orí àga gígùn inú pálọ̀ wọn ni mo sùn sí, títí àga náà fi gba àwòrán ara mi.

Dádì, ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu yín. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ "hm", kí gbogbo ilé sì yé ara wọn. Bí mo bá wá ròyìn fún yín pé iṣẹ́ tí mo lọ wá kò bọ́ sí i, "hm". Bí Bùnmi bá mú ọkùnrin kan wálé tí irun rẹ̀ dé èjìká, "hm", èyí sì gùn díẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó se ọbẹ̀ kábéèjì kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá yín jẹ, ẹ ó jẹ ẹ́ tán, ẹ ó sì fọ abọ́ yín fúnra yín. Ẹ kì í ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn.

Àfi ìtàn kan. Ẹ ní nígbà tí ẹ wà ní Rọ́ṣíà, àwọn aṣefíìmù kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yín. Wọ́n ń fi ìwé ìtàn àtijọ́ kan ṣe fíìmù, ìwé gbàǹgbà kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún bàbá ìyàwó, lórí ogun tí àwọn Faransé gbé wá bá wọn láyé ọba. Ogun inú rẹ̀ pọ̀ débi pé sójà gidi ni ìjọba yá wọn, sójà ọ̀hún kò sì tó. Wọ́n bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kó yín lọ sínú pápá tí yìnyín bò. Wọ́n fún yín ní kóòtù ogun, bàtà gígùn àti ìbọn onígi.

Ẹ máa ń sọ pé, "Ọbẹ̀ kábéèjì ni wọ́n fi san owó wa, ó sì gbóná. Mo jagun."

Bọ̀dá Sámú tí ń wa takisí, ẹni tí ẹ̀rù yín kò fi bẹ́ẹ̀ bà, ló bi yín lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ẹ̀yin dúdú báyìí, láàárín òyìnbó ayé ọba? Báwo ló ṣe ṣe é ṣe?"

Ẹ ní, "Wọ́n fi súkáàfù wé mi títí dé imú. Nínú èéfín yẹn, ta ló mọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni?"

Ìdáhùn tó péye ni. Ẹnikẹ́ni kò wá bi yín pé ẹ̀gbẹ́ ọmọ ogun wo lẹ wà. Nínú ilé wa, ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi àgbà lórí ìtàn kan, Bọ̀dá Sámú sì ti lo ti gbogbo wa.

Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà wá jẹ́ ẹ̀bùn. Mọ́mì ló sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún mi ju bí mo ṣe lè rántí lọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá yín ní New York, wọ́n ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n gba owó oṣù àkọ́kọ́, wọn kò ra bàtà, wọn kò ra kóòtù, ìgbà òtútù sì ni. Wọ́n lọ sí Fordham Road, wọ́n bá ọkùnrin kan tó tẹ́ kásẹ́ẹ̀tì sórí aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sọ fún un pé fíìmù ogun Rọ́ṣíà ni àwọn ń wá, èyí tó gùn, èyí tó ti inú ìwé wá. Ọkùnrin náà wá a jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Páálí kan ni, kásẹ́ẹ̀tì méjì wà nínú rẹ̀, àwòrán ẹṣin àti àgbá ogun wà lójú rẹ̀. Mọ́mì fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n gbé e sórí ìrọ̀rí yín. Wọ́n ní ẹ tú u, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun. Òun gan-an nìyí."

Láti ìgbà náà ló ti di òfin ilé. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a ti jẹ ìrẹsì tán, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì wo fíìmù Dádì. Àwọn ará ìjọ tó bá bá wa dé ilé náà ti wọ gàù nìyẹn. Ogun inú fíìmù náà kì í yá bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin yóò kọ́kọ́ sunkún lórí àga. Àwọn ọkùnrin yóò máa rìn káàkiri yàrá pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Wọn yóò jó níbi àsè kan, ẹ̀pà wa yóò tán, mínírà wa yóò tán, òùngbẹ yóò tún gbẹ wá, wọn yóò ṣì máa jó níbi àsè kan náà. Nígbà tí àgbá ogun bá fi máa dún, Bọ̀dá Sámú ti ń hanrun, àgbá yẹn gan-an ló sì máa ń jí i.

Nígbà náà lẹ ó dìde, ẹ ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó na ìka sí i.

"Ẹ dúró. Mò ń bọ̀."

A ó dúró. Àwọn ẹlẹ́ṣin yóò kọjá. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yóò kọjá. Èéfín pàápàá yóò kọjá.

"Ẹ ní sùúrù. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn."

Ogun yóò parí. Ọba àwọn Faransé yóò kọ orí sí ilé rẹ̀. Ẹ ó sọ ìka yín kalẹ̀, ẹ ó ní, "Wọ́n ti gé mi. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti gé mi." Ẹ ó padà jókòó, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Jẹ́nẹ́rà," Bọ̀dá Sámú á bẹ̀rẹ̀, "àbí ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe ẹṣin yẹn ni? Nítorí mo rí ẹṣin kan tó ń wò wá bí ẹni tó mọ̀ wá."

Ẹ̀rín á ta. Mọ́mì ló máa ń rín jù, tí wọ́n á fi di ìhà wọn mú. "Sámú, fi ọkọ mi sílẹ̀! Lọ́dún tó ń bọ̀ yóò dé. Ọ̀nà ló jìn."

Báyìí ni Jẹ́nẹ́rà ṣe mọ́ yín lára. Àwọn ọkùnrin tó ń gba ọrẹ nínú ìjọ á lu ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n á kí yín bí sójà kí wọ́n tó gbé igbá síwájú yín. Bí àlùfáà bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde, ẹnìkan á wúkọ́ lẹ́yìn, gbogbo ìjókòó á sì máa mì. Mọ́mì di Ìyàwó Jẹ́nẹ́rà. Ẹ̀yin kò bínú rí. Ẹ ní, "Hm."

Ohun kan wà tí gbogbo wa ṣàkíyèsí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Gbogbo ará Rọ́ṣíà inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, láti orí ọba dé orí ẹni tó ń fọ ẹṣin, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ètè wọn sì ń bá a lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ṣe ń dún ní Parkchester ló ń dún lẹ́nu àwọn kan nínú wọn. Èmi sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Sámú ti sọ ọ́ lọ́kàn tirẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún mi. Àgbà ti wí pé òun gan-an nìyí. Ta ni yóò wá dìde láàárín pálọ̀, pẹ̀lú ìrẹsì àgbà nínú ikùn rẹ̀, tí yóò ní òun kọ́ nìyí?

Ẹ wá lọ. A pé jọ sínú pálọ̀ láti ṣètò ìsìnkú. Mọ́mì ní, "Kọ́lá, ìwọ tó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní pólì, ìwọ ni kó o ṣe ìwé ìsìnkú. Ojú ewé àkọ́kọ́, àwòrán ọkọ mi nínú aṣọ ogun ni mo fẹ́ níbẹ̀."

Gbogbo wa wo ilẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kò tíì rí ìwò bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ̀dá Sámú ní, "Mọ́mì, èyí tí wọ́n yà nínú kóòtù búlúù ńkọ́? Èyí tí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀? Ó dáa o, Mọ́mì. Eyín kan hàn."

"Sámú." Mọ́mì kò gbé ohùn sókè. "Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tí ẹ ń rò? Èmi náà ti bá yín rẹ́rìn-ín, ó ti tó. Nísinsìnyí, mo fẹ́ mọ̀. Bí ọkọ mi bá jagun, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé, kí gbogbo ìjọ rí i. Bí kò bá jagun, ẹ sọ fún mi kí wọ́n tó ti pósí. Mi ò ní jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí n máa mi orí sí ohun tí mi ò mọ̀."

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ kóòtù búlúù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a wo kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a máa dá a dúró lójú ènìyàn kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi rí imú yín. Bọ̀dá Sámú ti mú awò ojú rẹ̀ wá. A fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ̀rọ sì kú, bí mo ti kéde rẹ̀ lókè.

Mo ní kí Mọ́mì má dààmú, pé fíìmù tó tóbi tó báyìí kò ní ṣàì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ orúkọ ìwé ìtàn náà sínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù méjì jáde, méjèèjì gùn, méjèèjì ní ẹṣin. Mo béèrè pé, "Èwo ni tiwa nínú wọn?"

Bùnmi dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Bùnmi, nọ́ọ̀sì ni, Bronx níbí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ọ́, ṣe ló máa ń gé e kéékèèké bí ẹni ń gé oúnjẹ fún ọmọ ọwọ́.

"Bùnmi, jókòó," Mọ́mì wí. "Gbé àwo yẹn kalẹ̀. Kí lo mọ̀?"

"Mọ́mì, sọ́rì. Kásẹ́ẹ̀tì yín, Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ìwé kan náà ni, fíìmù ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe ti Rọ́ṣíà. Dádì ò sí níbẹ̀. Dádì ò lè sí níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Wọ́n kọ́ wa nípa fíìmù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo sáré wálé wá sọ fún Dádì. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kíṣínì mọ́ èmi àti àwọn."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Bùnmi wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Dádì, ó sọ ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe sọ ọ́, mo sì gbọ́ ohùn yín nínú rẹ̀. Ẹ ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ tó gbé e wá náà ni mo ti mọ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi rà á, kò ní kóòtù lọ́rùn. Kí n wá sọ fún un pé kò rà á re? Má sọ fún màmá rẹ."

Bùnmi ní òun sọ fún yín pé, "Dádì, wọ́n ń pè yín ní onírọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa pè. Èmi mọ̀ pé mo jagun."

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìtìjú máa ń mú ojú gbóná. Tèmi kò gbóná. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jẹun lórí ibùsùn ẹlòmíràn. Bọ̀dá Sámú ṣí fìlà, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ó tún un dé. Mọ́mì gbé páálí náà sórí itan wọn. Wọ́n wo ẹṣin ojú rẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀ láìyára, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Lọ́dọọdún," wọ́n wí. "Lọ́dọọdún ló ń dìde lọ dúró síbẹ̀ yẹn, tó ń na ìka sí ogun ẹlòmíràn. Èmi sì ń di ìhà mú."

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Kọ́lá, gbé ti Rọ́ṣíà jáde."

Dádì, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a rò pé tiwa gùn. Kò gùn. Ti Rọ́ṣíà ló gùn. Wọn kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọ́ èdè náà, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ ni a fẹ́ sin. Mo ní kí n fò ó dé ibi ogun, Mọ́mì gbá mi lọ́wọ́. "Bó ṣe ń lọ ni kó máa lọ. Ọkọ mi ní sùúrù fún mi, èmi náà á ní in fún un." A jókòó. Àwọn obìnrin sunkún lórí àga. Àwọn ọkùnrin rìn káàkiri pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n jó. Bọ̀dá Sámú kò hanrun. Ó jókòó sétí àga, ó ti awò rẹ̀ mọ́ imú, ó ń wo gbogbo ẹni tó bá kọjá bí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè.

Ogun kìíní dé, ẹ kò sí níbẹ̀. Ogun ńlá inú pápá dé, sójà bo ilẹ̀ lọ bí eṣú, a dá a dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí i, a tú èéfín wò, ẹ kò sí níbẹ̀. Wọ́n sun ìlú kan, ẹ kò sí lára àwọn tó ń sun ún, ẹ kò sí lára àwọn tó ń pa iná. Mo wo ojú Mọ́mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Pé a wo kásẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tiyín tí a kò rí yín, ìyẹn ní àwáwí. Bí a bá wo èyí tó jẹ́ tiyín gan-an tí a kò rí yín ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ kọ síwájú ìwé? Bọ̀dá Sámú ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ pé àdúrà ló ń gbà. "Jẹ́nẹ́rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Yìnyín dé. Ogun ti dà rú mọ́ àwọn Faransé lọ́wọ́, wọ́n ti ń sá padà sí ìlú wọn, ebi ń pa wọ́n, wọ́n fi àkísà wé orí. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń kọjá.

"Dá a dúró!" Mọ́mì ké. "Padà sẹ́yìn. Díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin kan tó ti ṣubú, sójà kan ń sáré. Kóòtù rẹ̀ gùn jù ú. Súkáàfù bò ó títí dé imú. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè gbọnrangandan, àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú, bí ẹni tó ń bẹ gbogbo ogun náà pé kó dúró de òun.

Ojú kò hàn. Àwọ̀ kò hàn. Ṣùgbọ́n gbogbo Parkchester ló mọ ọwọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, Dádì, pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́ kan àti ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ kejì, títí awakọ̀ á fi tijú kó tó dúró.

"Àjàní nìyẹn!" Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. "Ẹ wo ọwọ́! Yéè, ẹ wo ọwọ́ ọkọ mi!" Ẹ̀rín náà gùn, nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Wọ́n fi ìborùn bojú.

Bùnmi sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Mọ́mì, aṣọ Faransé nìyẹn o. Àwọn tí wọ́n lé sá ni."

Mọ́mì sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ìborùn. "Kò sọ fún mi rí pé òun ṣẹ́gun. Pé òun jagun ló sọ."

Bọ̀dá Sámú dìde níwájú kọ̀ǹpútà, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Jẹ́nẹ́rà, ẹ forí jì mí." Òun ló ní kí n kọ ọ́ síbí, pé nítorí gbangba ni òun ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Dádì, irọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ẹ pa láyé yín, pé òun gan-an nìyí, a sì gbà á gbọ́ láìbéèrè. Òótọ́ tí ẹ sọ la fi ń rín ẹ̀rín lẹ́yìn ìrẹsì. Ohun tó ń tì wá lójú nìyí, mi ò sì rò pé ó máa tán lónìí. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń gba ọrẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ lẹ́yìn, ẹ dìde kí ọkùnrin yìí bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá gbé e kọjá, kí ẹ má sì lu ẹsẹ̀ pọ̀.

Àwòrán yín ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó tẹ ìwé náà bi mí bóyá kí òun pa ọkùnrin tó ń sáré kọjá yẹn rẹ́, kí ẹṣin lè hàn. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ wàyí, Àjàní. Ọkọ̀ ti dúró, wọ́n ti rí yín. Ẹ wọlé, ẹ wá ìjókòó létí fèrèsé, kí ẹ sì sùn un re, sà.

Kọ́lá Adéṣọlá, ọmọ àbúrò yín, fún gbogbo ìdílé

ÀKÍYÈSÍ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌGBÌMỌ̀ ÌSÌNKÚ

Lẹ́yìn tí a tẹ ìwé yìí tán, ìdílé kan ní Wakefield fi tó ìgbìmọ̀ létí pé ọkùnrin tó ń sáré lójú ewé àkọ́kọ́ ni bàbá àwọn, tó kàwé ní Rọ́ṣíà nígbà kan náà, àti pé bó ṣe máa ń sáré nìyẹn. Bàbá náà ṣì wà láyé. Yóò wà níbi ìsìn òní, ìlà kẹta lápá òsì, ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ nǹkan kan. A kò ní tún ìwé náà tẹ̀. A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ gbogbo ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún opó. A ti yọ ìwé pélébé yìí kúrò nínú ẹ̀dà tiwọn.